Bí ẹ ṣe lè yẹ àwòrán ojú ilẹ̀ tí ẹ fọwọ́ ara yín yà wò

Lọ́jọ́ kan, mo kó àwòrán 21 jáde, mo tò wọ́n sí ìdí ògiri. Òkè, odò, pápá àti ojú ọ̀run ló wà nínú gbogbo wọn, ọdún mẹ́fà ni mo sì fi yà wọ́n. Àwòrán yíyà kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ mi. Ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń mú búrọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ̀yìn rìn títí mo fi kan ẹnu ọ̀nà, mo wò wọ́n lápapọ̀, ohun tí n kò rí rí nígbà tí mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sì hàn kedere: nínú 17, ìlà tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ti pàdé la kánfáàsì sí méjì ọgbọọgba. Bẹ́ẹ̀ orí òkè ni mo dúró sí ya àwọn kan, etí omi ni mo jókòó sí ya àwọn mìíràn. Kì í ṣe ilẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ló ń fà á síbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé àwòrán kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí. Àṣìṣe inú ẹyọ kan lè jẹ́ ti ọjọ́ yẹn: bóyá oòrùn mú jù, bóyá ọ̀dà ń tán lọ. Èyí tó bá wà nínú mẹ́wàá, ọwọ́ wa ló ń gbé e kiri. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí wà fún ẹni tó ti ní tó àwòrán mẹ́wàá nílé, tó sì ń rò ó pé ojú kan ni òun wà. Ẹ ya ọ̀sán ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí ojú yín sinmi ná

Ọjọ́ tí a parí àwòrán kọ́ ni à ń dá a lẹ́jọ́. Làálàá rẹ̀ ṣì kún ojú wa. A rántí pé ewé apá òsì yẹn gba wákàtí méjì gbáko, nítorí náà a fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ló ń ba ìyókù jẹ́. Èmi máa ń kọjú àwòrán sí ògiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kì í sì yọjú wò ó.

Ọ̀dà náà nílò àkókò. Ọ̀dà olómi máa ń mọ́ sí i bó bá gbẹ, acrylic, ìyẹn ọ̀dà oníke tí a ń fi omi pò, máa ń ṣú díẹ̀ sí i. Ọ̀dà olóròóró ní tirẹ̀ lè gbẹ tán kí ibì kan máa dán, kí ibòmíràn sì ṣá, nítorí pé ìpele tó wà nísàlẹ̀ ti fa òróró rẹ̀ mu. Ẹni tí kò bá mọ èyí á rò pé òkùnkùn òun kò jinlẹ̀ tó, á sì máa fi ọ̀dà lé ọ̀dà lásán.

Ẹ tò wọ́n pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán

Gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n máa ń pa búlúù, ó sì máa ń gbé pupa àti yẹ́lò ga ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, ọ̀sán ni kí ẹ ṣe é, nítòsí fèrèsé, níbi tí oòrùn kò ti ní ta sí àwòrán lára. Ẹ tò wọ́n bí ẹ ṣe yà wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kí èyí tó pẹ́ jù wà lápá òsì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fẹ̀yìn títí ojú ọ̀nà búrọ́ọ̀ṣì kò fi ní hàn mọ́. Bí ẹ bá súnmọ́ ọn jù, iṣẹ́ ọwọ́ lẹ ó máa wò, ẹ ò ní rí àwòrán.

Bí kò bá sí déètì lẹ́yìn wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti òní lọ. John Constable, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya àwọsánmà léraléra ní Hampstead, nítòsí London, ní ọdún 1821 àti 1822, ó sì máa ń kọ ọjọ́, wákàtí, àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeyebíye. Mo ní àwòrán kan tí òjìji inú rẹ̀ kò yé mi mọ́. N kò rántí bóyá àárọ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́, mi ò sì lè mọ̀ láéláé bóyá mo rí i dáadáa tàbí mo kàn fi òjìji síbẹ̀.

Ẹ ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ má tíì sọ pé èyí dára, èyí kò dára. Kíkà ni kí ẹ kà.

Ìlà ojú ọ̀run wà láàárín nínú mélòó? Igi ńlá kan wà lápá ọ̀tún nínú mélòó? Ọ̀nà tàbí odò gba igun ìsàlẹ̀ wọlé nínú mélòó? Nínú mélòó ni ojú ọ̀run jẹ́ búlúù kan náà láti òkè délẹ̀? Òjìji ńkọ́, apá wo ni gbogbo wọn kọjú sí? Mélòó ni ẹ yà ní òwúrọ̀, mélòó ní ọ̀sán gangan? Ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà kì í ṣojúsàájú, ọkàn wa ló ń ṣe é.

Nínú tèmi, yàtọ̀ sí ìlà àárín yẹn, mo rí i pé kò sí èyí tí mo mọ̀ dájú pé òwúrọ̀ ni mo yà á. N kò ya ọjọ́ tí òjò ṣú rí, àfi ẹyọ kan. Ohun tó dùn mí jù ni àwọn igi. Nínú àwòrán 11, igi mi tò bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà: gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àlàfo tó wà láàárín wọn náà dọ́gba. Mo mọ̀ dájú pé n kò rí igi tó dúró báyẹn rí nínú igbó. Níbi tí igi méjì ti fara ti ara wọn, tí ìkẹta sì dá wà lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ́ mi á yà wọ́n nípá, á pín àyè fún wọn lọ́gbọọgba. Ọwọ́ a máa fẹ́ ètò. Ẹni tó bá ń ya ilẹ̀ ní láti máa bá a jà.

Ẹ ka èyí tó dára náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń yàwòrán fún ìfẹ́ rẹ̀ máa ń fò ó, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ẹyọ kan tí mo sọ pé òjò ṣú nínú rẹ̀ yẹn, òun ló kọ́kọ́ ń pe ojú láti ẹnu ọ̀nà. Nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú péré ni mo fi yà á, nítorí pé òjò ń bọ̀. N kò ráyè tò igi, n kò ráyè ka ewé. Búrọ́ọ̀ṣì ńlá kan ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀: ojú ọ̀run tó wúwo, pápá tó mọ́ lábẹ́ rẹ̀, ìdìpọ̀ igi dúdú kan. Mo ti gbé e pamọ́ fún ọdún méjì torí mo rò pé n kò parí rẹ̀.

Ẹ yọ àwọ̀ kúrò, kí ẹ wo ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn

Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù, kí ẹ má kánjú níbẹ̀. Ẹ fi fóònù ya àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun. Bí fóònù kò bá sí nítòsí, ẹ pa ojú dé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ku tíńtín. Àwọ̀ á rẹ̀yìn, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni yóò kù.

Ohun mẹ́rin ló wà nínú ọ̀pọ̀ àwòrán ojú ilẹ̀, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀lé ara wọn. Ojú ọ̀run ló mọ́ jù, torí òun ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tẹ̀lé e, nítorí pé ó dojú kọ ọ̀run gbalaja, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ló kàn, torí pé ó dagun. Igi àti ohun mìíràn tó dúró ṣánṣán ló máa ń ṣú jù, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ wọn ló kọjú sí wa, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti òkè bọ̀ kò sì bà á tààrà. Èyí kì í ṣe òfin tí kò ní àyàfi. Yìnyín tó bo ilẹ̀ lè mọ́ ju ojú ọ̀run lọ, pápá tí oòrùn tàn sí lábẹ́ òjò tó ṣú náà lè mọ́ jù ú lọ. Ohun tó sì jẹ́ kí àwòrán ọjọ́ òjò mi yẹn lágbára nìyẹn: ó yí ètò náà padà, ó sì yí i padà ní tòótọ́.

Ṣùgbọ́n nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán mi, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló papọ̀ di eérú kan náà. Mo ní ọ̀kan tí odò gba àárín rẹ̀ kọjá, tí igi mẹ́ta sì wà létí rẹ̀. Pẹ̀lú àwọ̀, ó ń dán, ó ń wuni: ewé tútù, omi búlúù, ilẹ̀ pupa. Nígbà tí mo yọ àwọ̀ kúrò nínú fọ́tò rẹ̀, igi pòórá. Ewé, omi àti ilẹ̀ di ọ̀kan, bí ẹni da eérú sí ojú abọ́. Ọdún kan ni mo ti fi ń tún ewé igi wọ̀nyẹn ṣe, mò ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un níhìn-ín, mò ń fi ẹ̀ka kún un lọ́hùn-ún, n kò sì mọ ìdí tí kò fi dìde. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́; ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ àwòrán ni ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Bó bá wọ́ níbẹ̀, ewé ẹgbẹ̀rún kò lè tún un ṣe.

Àdánwò kékeré kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn àwòrán yín, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù tún un yà sórí bébà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìpele mẹ́ta péré: funfun bébà, eérú, dúdú. Ohun gbogbo gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí. Bí ẹ kò bá lè pinnu ibi tí nǹkan kan yóò wà, ibẹ̀ gan-an lẹ kò ti pinnu nígbà tí ẹ ń yà á.

Ṣé ọ̀nà jíjìn jìn lóòótọ́?

Ẹ wo òkè tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú àwòrán yín, kí ẹ sì fi wé igi tó wà níwájú. Bí dúdú wọn bá dọ́gba, òkè náà ti wá síwájú.

Afẹ́fẹ́ ló ń fa ìyàtọ̀ yìí. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wa àti òkè a máa fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ó sì máa ń fọ́n búlúù ká ju pupa lọ. Bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká yìí ṣe máa ń pọ̀ tó láàárín, tí yóò sì bo òkùnkùn òkè náà bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí òkè dúdú fi ń di búlúù bàìbàì bó bá jìnnà, tí òjìji ara rẹ̀ kì í fi í dúdú mọ́. Ohun funfun ní tirẹ̀ máa ń ṣe òdìkejì: àwọsánmà funfun tó jìnnà réré, tó sún mọ́ ilẹ̀, a máa pọ́n díẹ̀ bí yẹ́lò. Leonardo da Vinci, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ti kọ nípa bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yí àwọ̀ òkè padà ní ohun tó ju 500 ọdún lọ. Etí nǹkan náà máa ń rọ̀ bó bá jìnnà. Ẹ fi ìka tọpa etí òkè tí ẹ yà. Bó bá mú bí ọ̀bẹ, ó ti súnmọ́ wa jù.

Nínú àwòrán odò yẹn, mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo po àwọ̀ ewé fún igi, ó ṣẹ́ kù lórí pátákó tí mo fi ń po ọ̀dà, mo sì fi ìyókù kun òkè. Mo tún òkè náà yà sórí kánfáàsì kékeré kan lẹ́yìn náà. Ultramarine (búlúù tó jinlẹ̀), funfun tó pọ̀, àti burnt sienna (àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n) ní orí búrọ́ọ̀ṣì bíńtín ni mo pò. Nígbà tí ó wà lórí pátákó, ó dà bí ìdọ̀tí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á nù. Bí mo ṣe fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ni ó sá lọ sẹ́yìn. Inú mi dùn débi pé mo gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀, mo kàn jókòó, mò ń wò ó.

Mélòó ni àwọ̀ ewé yín?

Ẹ gé ihò kékeré sáàárín bébà funfun kan, ihò tí kò ju èékánná lọ. Ẹ gbé e lé ewé inú àwòrán àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lé ti èkejì, ti ẹ̀kẹta. Bébà á bo ìyókù, àwọ̀ nìkan ni ẹ óò rí. Bí gbogbo ihò bá fi ohun kan náà hàn yín, inú túùbù ọ̀dà kan ni ewé yín ti wá, kì í ṣe inú igbó.

Èdè wa gan-an ti ṣe iṣẹ́ yìí fún wa bí a bá fetí sí i. A kì í pe igbó tó kì ní àwọ̀ ewé, dúdú la máa ń pè é. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ a máa ṣe bí yẹ́lò, èyí tó fẹ́ wọ́ a máa pọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ pe igbó ní dúdú ti wo ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn kó tó wo àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kí ayàwòrán wò ó. Bí ewé yín bá ń ké ju bó ṣe yẹ lọ, pupa díẹ̀ tàbí burnt sienna ló máa pa á lẹ́nu. Èmi ti gbé túùbù àwọ̀ ewé kúrò nínú àpótí mi fún odidi ọdún kan, mo ń fi búlúù àti yẹ́lò po tèmi. Ó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí méjì jọra.

Omi, àti ihò àárín ewé

Méjèèjì yìí kò gba àlàyé gígùn. Nínú omi tó dákẹ́, ohun tó hàn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ tààrà lábẹ́ ohun tó ni ín, kò gbọ́dọ̀ yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ohun dúdú máa ń mọ́ díẹ̀ sí i nínú omi, ohun tó mọ́ a sì máa ṣú díẹ̀. Bákan náà, ojú ọ̀run tó yọ láàárín ewé gbọ́dọ̀ ṣú díẹ̀ ju ojú ọ̀run gbalasa lọ. Bí a bá fi àwọ̀ kan náà kùn ún, ihò wọ̀nyẹn á máa tàn bí iná, igi á sì dà bí ajẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi dígí wò ó

Kò sí ẹni tó lè fojú ara rẹ̀ rí ìpàkọ́ rẹ̀, ìdí tí dígí fi wúlò nìyẹn. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí àwòrán, kí ẹ sì wò ó nínú dígí. Ọ̀tún á di òsì, àwòrán tó ti mọ́ yín lójú á di ti àlejò, ẹ óò sì rí igi tó ń ṣubú àti odò tó dagun. Leonardo náà gba àwọn ayàwòrán nímọ̀ràn yìí. Lẹ́yìn dígí, ẹ dorí àwòrán kodò. Bí apá kan bá wúwo ju èkejì lọ, ẹ óò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, torí pé igi kì í ṣe igi mọ́ níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ pe ẹlòmíràn wá wò ó, ẹ má bi í bóyá ó dára. Ìtìjú á mú un sọ pé ó dára. Ẹ bi í pé: níbo lojú yín kọ́kọ́ lọ? Níbo ló lọ ṣìkejì? Mo bi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí kò mú búrọ́ọ̀ṣì rí, nípa àwòrán odò yẹn. Ó tọ́ka sí igun ìsàlẹ̀, níbi tí mo ti fi òkúta funfun kan sí láìronú. Ó ní, “Òkúta yìí ni mò ń wò ṣáá. Kí ló ń ṣe níbẹ̀?” N kò ní èsì. Èmi ti gbàgbé pé òkúta wà níbẹ̀.

Kí ni ká tún ṣe, kí ni ká fi sílẹ̀?

Ó ṣeé ṣe láti tún àwòrán kan ṣe. Acrylic rọrùn, ẹ lè kun ún lé orí rẹ̀ nígbàkugbà. Lórí ọ̀dà olóròóró, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ìpele tuntun sì ní òróró ju ti ìsàlẹ̀ lọ; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkè á gbẹ kí ìsàlẹ̀ tó gbẹ, yóò sì sán. Ọ̀dà olómi kò gba àtúnṣe púpọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tútù lè gbé díẹ̀ kúrò, ó tán.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, ẹ fi àwòrán àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀rí ni. Bí mo bá ti tún gbogbo ti àtẹ̀yìnwá ṣe, kí ni ǹ bá tò sí ògiri lọ́jọ́ yẹn? Ẹ padà síbi tí ẹ ti yà á, kí ẹ sì tún un yà látìbẹ̀rẹ̀. Claude Monet, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, ya nǹkan bí 25 àwòrán òkìtì koríko ní ọdún 1890 sí 1891, a sì máa pààrọ̀ kánfáàsì bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń yí. Paul Cézanne, ọmọ ilẹ̀ Faransé bíi tirẹ̀, ń ya òkè Sainte-Victoire tó wà ní gúúsù ilẹ̀ náà léraléra títí di ọdún tó kú, 1906. Ohun kan náà ni wọ́n ń yà, wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni wá wá ohun tuntun fún wọn.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sínú ìwé, ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí ọ̀dà yín fún àwòrán márùn-ún tó ń bọ̀. Ẹyọ kan. Mo kọ́kọ́ mú mẹ́fà pọ̀, ọwọ́ mi sì di. Mo ya àwòrán méjì tí ìbẹ̀rù hàn lára wọn. Nígbà tí mo wá mú ìlà ojú ọ̀run nìkan, tí mo gbé e sókè pátápátá nínú ọ̀kan, tí mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé ìdá mẹ́rin ìsàlẹ̀ nínú òmíràn, ara tù mí. Bí mo ṣe rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni ojú ọ̀run gba àyè, mo sì ní láti wo àwọsánmà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mo ti tún odò náà yà ní oṣù tó kọjá. Igi méjì ni mo fi sí i báyìí, wọ́n fara ti ara wọn, òkúta ti lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, mo yí i padà, mo wò ó, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ déètì: “Ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀. Òkè ti jìnnà. Omi ṣì dagun lápá ọ̀tún, ó ń ṣe bí ẹni máa dà sílẹ̀.”